Ìhà Tèmi Nínú Ọkọ̀ Bàbá Àánú

                                                  27, Hallam Row,
                                                  Harpurhey,
                                                  Manchester.
                                                  Ọjọ́ keje, oṣù Kẹwàá, ọdún 2012.

Wùmí, ọ̀rẹ́ mi àtìgbà èwe,

Báwo ni ilé? Báwo ni ara? Bàbá àwọn ọmọ ńkọ́, ṣé ibà tó dá wọn dùbúlẹ̀ lóṣù tó kọjá ti lọ pátápátá? Adémiládé ńkọ́, ṣé ó ti ń jẹun dáadáa nílé ìwé, àbí búrẹ́dì àti mílíìkì náà ló ṣì ń gbé mì? Màmá wa ní Ìtòkò ńkọ́, ṣé eékún ti gbà kí wọ́n máa gun àtẹ̀gùn? Jọ̀wọ́, bá mi kí gbogbo wọn kí o tó ka èyí tó kù, nítorí mo mọ̀ ọ́, bí o bá ti ka ìwé dé àárín, ìkíni ti di ohun ìgbàgbé nìyẹn. Ní tèmi, mo wà láàyè. Mò ń jẹun, mò ń lọ síbi iṣẹ́, mò ń tọ́jú àwọn arúgbó mi nílé wọn bí mo ṣe ń ṣe tẹ́lẹ̀. Otútù ti ń yọ́ wọlé díẹ̀díẹ̀. N kò ní parọ́ fún ọ pé inú mi dùn, Wùmí. Inú mi kò dùn rárá. Ṣùgbọ́n ara mi le.

Mo mọ̀ pé yóò yà ọ́ lẹ́nu pé lẹ́tà ni mo kọ láyé tí gbogbo ènìyàn ń lo fóònù yìí. Ohun tó fà á ni pé lọ́jọ́ tí o pè mí, o kò jẹ́ kí n sọ ọ̀rọ̀ kan délẹ̀. O ní o gbọ́ pé mo ti ń sùn nínú ọkọ̀. O ní wọ́n sọ pé wọ́n lé mi nílé ni, àwọn mìíràn sì ní orí mi ló ti ń dà rú látìgbà tí Bàbá Àánú ti lọ. Bí mo ṣe ní kí n dá ọ lóhùn ni ẹkún gbọ̀n mí, ìwọ náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo pé, 'Ó tó, Mosún, ó tó, má sunkún mọ́, Ọlọ́run ló mọ̀ jù.' Mo dákẹ́ lóòótọ́. A wá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ bí epo mọ́tò ṣe wọ́n tó ní Abẹ́òkúta. Ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó kọ èyí. Bébà kò lẹ́nu tí yóò fi ní kí n dákẹ́.

Òótọ́ ni pé mo sùn nínú ọkọ̀. Irọ́ gbuu ni pé wọ́n lé mi. Ta ni yóò lé mi nínú ilé tí èmi àti ọkọ mi jọ gbé?

O rántí ọkọ̀ akẹ́rù funfun tí Bàbá Àánú rà lọ́wọ́ òyìnbó kan ní Salford, èyí tí wọ́n ń pè ní van níbí. Mo fi fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí ọ, o sì fi wá ṣe yẹ̀yẹ́ pé ṣé búrẹ́dì la fẹ́ máa fi kiri ni. Ọkùnrin yẹn ní láti ọjọ́ tí òun ti ń wa bọ́ọ̀sì ní Manchester, ọmọ ọlọ́mọ lòun ń gbé káàkiri, òun kò tíì gbé ara òun lọ síbì kankan. Ó ní òun yóò kan bẹ́ẹ̀dì sínú ọkọ̀ náà, òun yóò ṣe àpótí aṣọ àti ibi tí a ó ti máa dáná, kí àwa méjèèjì lè máa lọ sùn lórí òkè tó wà lẹ́yìn Bury, kí a jí, kí a sì wo ojú ọ̀run. Mo bi í pé ta ló fi í gégùn-ún. Ẹni tó nílé, tó ń sanwó iná, ló fẹ́ lọ sùn sínú pápá láàárín àgùntàn? Ó kàn rẹ́rìn-ín. O mọ bó ṣe máa ń ṣe bí ó bá ti pinnu nǹkan.

Ní ọjọ́ Sátidé kan, ó gbé pákó wọ pálọ̀, ó ní kí n wá dùbúlẹ̀ lé e. Ọbẹ̀ wà lórí iná, ṣíbí ọbẹ̀ sì wà lọ́wọ́ mi. Mo dùbúlẹ̀ tòun ti ṣíbí. Ó ní kì í ṣe bí òkú ni kí n ṣe nà gbalaja, kí n ká ẹsẹ̀ kò bí mo ṣe máa ń ká a kò bí mo bá sùn, kí òun lè mọ àyè tí mò ń jẹ. Ó fi pẹ́ńsùlù fa ìlà yí mi ká, láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀. Ó ní ìhà tèmi lòun yóò kọ́kọ́ kàn, kí n má baà rí àwáwí kankan ṣe. Bẹ́ẹ̀ náà ló sì ṣe. Ó kan ìhà tèmi, ó gé fóòmù lé e, ó sì rán aṣọ sí i. Ìhà tirẹ̀ kò ju igi mẹ́rin tó fi gbá etí rẹ̀ lọ, kò sí pákó lórí rẹ̀, bí o bá wo àárín rẹ̀, ilẹ̀ ọkọ̀ lo máa rí. Ó ní bí ọdún tuntun bá wọlé, òun yóò parí rẹ̀. Ọdún tuntun wọlé, ó sì jáde lọ síbi iṣẹ́ lọ́jọ́ Ẹtì kan nínú oṣù Kìíní, ọkàn rẹ̀ dá iṣẹ́ sílẹ̀ lójijì, kò sì padà wálé mọ́. Èyí tó kù o mọ̀ ọ́n. O rí fídíò ìsìnkú.

Ohun tí o kò mọ̀ ni bí mo ṣe gbé lẹ́yìn ìsìnkú náà. A kì í fi opó sílẹ̀ lóun nìkan, ìyẹn kì í ṣe tuntun sí ọ. Mọ́mì Ìkẹ́, tí wọ́n jẹ́ ìyá ìjọ wa, ló ṣètò rẹ̀. Bí sísítà kan bá sùn tì mí lónìí, òmíràn á gbà á lọ́la. Wọ́n á gbé báàgì wọn wá, wọ́n á dé fìlà ìsùn, a ó gbàdúrà, a ó sì sùn sórí bẹ́ẹ̀dì kan náà. Sísítà Mobọ́lá ń hanrun bí ẹ̀rọ ata, àmọ́ híhanrun rẹ̀ gan-an dára létí mi nígbà yẹn. Ogójì ọjọ́ pé, wọn kò lọ. Ọdún Àjíǹde kọjá, wọ́n ṣì ń bọ̀. N kò ní fi wọ́n ṣẹ̀sín láé, nítorí bí kì í bá ṣe tiwọn ni, n kò mọ̀ bóyá màá rántí jẹun.

Ṣùgbọ́n ohun kan wà níbẹ̀ tí n kò lè sọ fún wọn. Bí ẹkún bá ti dé mi lọ́fun báyìí, ẹnìkan á ti fi etí ìró nu ojú mi. 'Ó tó, Mọ́mì Àánú. Ẹ jẹ́ kí bàbá sinmi. Ẹ má fi omijé dí wọn lọ́nà.' Màá sì gbé e mì. Lọ́jọ́ kejì ẹlòmíràn á tún nu ún. Wùmí, oríṣiríṣi ẹkún ló wà láyà mi tí mo bẹ̀rẹ̀ tí n kò parí. Nígbà tó yá, mo bẹ̀rẹ̀ sí í rí i pé wọ́n wúwo.

Lẹ́yìn náà ni òjò ńlá rọ̀ lọ́jọ́ kan, tí ẹni tó kàn kò lè jáde nílé. Èmi nìkan ló kù nínú ilé, torí Àánúolúwa, ọmọ wa, wà ní yunifásítì rẹ̀ ní Leeds. Mo tan gbogbo iná, mo jókòó sórí àga, mo sì ń wo ilẹ̀kùn títí ilẹ̀ fi mọ́. Ibẹ̀ ni mo ti rò ó pé èmi, ìyá ọlọ́mọ, tó ń lọ sí àádọ́ta ọdún, n kò tíì sun ibì kan ní èmi nìkan rí láyé mi. Orí ẹní ìyá àgbà ni mo dàgbà sí, àwa ọmọ bíi márùn-ún tí a máa ń ti ara wa. Lẹ́yìn ìyẹn, ìwọ ni nílé ìwé, lórí bẹ́ẹ̀dì alájà méjì, ìwọ lókè, èmi nísàlẹ̀, tí ẹsẹ̀ rẹ máa ń já bọ́ sí mi lójú. Mo kúrò lọ́dọ̀ rẹ, mo bọ́ sọ́dọ̀ Bàbá Àánú. Ó kú, àwọn sísítà sì gbà mí. N kò mọ irú ènìyàn tí mo jẹ́ bí kò bá sí ẹlòmíràn nínú yàrá. Ìyẹn dẹ́rù bà mí ju ikú rẹ̀ lọ.

Bọ̀dá Fúnṣọ́ wá sílé lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan. Àbúrò Bàbá Àánú tó ń gbé ní Bury ni. O mọ̀ pé ọmọ ilé ìwé ló jẹ́ nígbà tí mo wọlé wọn, ṣùgbọ́n ọkọ ni, n kò lè pè é lórúkọ lásán. Ó ní, 'Ìyàwó wa, ẹ jẹ́ kí n bá yín ta van yìí. It's just sitting there. Àwọn neighbour ti ń complain.' Ó ní kí ni mo fẹ́ fi ṣe. Kí n tó ronú, ẹnu mi ti sọ pé mo fẹ́ lọ sùn nínú rẹ̀, níbi tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fẹ́ gbé e lọ. Ó ní pẹ̀lú ta? Mo ní èmi nìkan. Ó rẹ́rìn-ín, àmọ́ nígbà tó rí i pé n kò rẹ́rìn-ín, ó ní kò burú. Bí mo bá lè sùn nínú rẹ̀ mọ́jú ní èmi nìkan, òun kò ní dá ọ̀rọ̀ títà sílẹ̀ mọ́. Bí n kò bá sì lè sùn, òun yóò wá wà á lọ kí òjò dídì tó bẹ̀rẹ̀. Mo gbà.

Mo kọ́kọ́ dán an wò níwájú ilé wa níbí. Àánú ti gba ìsinmi, ó wà lókè, mo sì fi ilẹ̀kùn ilé sílẹ̀ láìtì kí n lè rí ibi sá sí. N kò fojú kan oorun. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo jáde pẹ̀lú ìró láyà àti búrọ́ọ̀ṣì lẹ́nu, àfi bí mo ṣe ṣe kòńgẹ́ Sísítà Mobọ́lá tó ń lọ wọ bọ́ọ̀sì ibi iṣẹ́. Ibi tí ìròyìn tí o gbọ́ ti ṣẹ̀ nìyẹn. Kí n tó tu ìfófòó ẹnu mi dànù, ó ti dé Bury. Kí ọ̀sẹ̀ yẹn tó parí, ó ti dé Abẹ́òkúta.

Mọ́mì Ìkẹ́ wá bá mi. Wọ́n ní ṣé mo ti gbàgbé pé àìrìnpọ̀ ejò ló ń jẹ ejò níyà ni? Wọ́n ní obìnrin kan ṣoṣo, opó, nínú igbó àwọn òyìnbó! Nígbà tí wọ́n rí i pé mo takú, wọ́n gbé òróró wá, wọ́n ta á sí gbogbo táyà, wọ́n sì fi pa ọwọ́ ìtọ́kọ̀ títí tí ó fi ń yọ̀. Ìgbà tí mo kọ́kọ́ yí kọ́nà, díẹ̀ ló kù kí n wọ ṣọ́ọ̀bù ẹlẹ́ja kan nítòsí ọjà Harpurhey. Mo ní láti dúró fi ọṣẹ nù ún.

Oṣù Keje ni mo kọ́kọ́ lọ. Àánú ti kọ́ mi ní gbogbo ohun tí obìnrin tó ń dá sùn nínú ọkọ̀ gbọ́dọ̀ mọ̀. Kí n kọjú ọkọ̀ sí géètì kí n lè tètè jáde. Kí n má kó ẹrù sórí àga awakọ̀. Kí n fi aṣọ bo gbogbo fèrèsé kí ilẹ̀ tó ṣú. Ó wá ní, 'And Mum, má máa sọ fún àwọn random people pé you're on your own. Just say your husband's on his way, yeah?' Pé kí n sáà sọ pé ọkọ mi ń bọ̀ lẹ́yìn. Ọmọ náà kò rò ó dáadáa kó tó sọ ọ́. Èmi náà kò rò ó.

Pápá àgbẹ̀ kan tó ń jẹ́ Andrew ni mo lọ, lókè téńté, níbi tí Bàbá Àánú ti yàn tẹ́lẹ̀. Àwọn àgọ́ kan wà níbẹ̀ àti ọkọ̀ méjì. Bí mo ṣe gúnlẹ̀, mo lọ kí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ṣé a ó dé ibi tí ènìyàn wà, kí a wọlé bí ewúrẹ́? Wọ́n ń wò mí bí ẹni tó fẹ́ ta nǹkan fún wọn, ṣùgbọ́n wọ́n dáhùn. Ìyá arúgbó kan láàárín wọn fara balẹ̀ bá mi sọ̀rọ̀. Ó bi mí tẹ̀ríntẹ̀rín pé ọkọ mi ńkọ́. Mo rántí ohun tí Àánú sọ. Mo ní, ó ń bọ̀.

Wùmí, ìwọ tí a jọ dàgbà, ìwọ náà gbọ́ ohun tí mo fi ẹnu ara mi sọ. Ta ló ń fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé òkú ń bọ̀? Onígbàgbọ́ ni mí, mo sì mọ ohun tí mo gbà gbọ́, àmọ́ gbogbo irun ara mi ló dìde. Mo padà sínú ọkọ̀, mo jókòó, n kò sì lè ṣe ohunkóhun mọ́ ju kí n máa wo géètì. Ẹ̀rù kọ́kọ́ bà mí pé bó bá lọ wọlé ńkọ́? Lẹ́yìn náà ẹ̀rù yẹn lọ, ohun tó burú jù ú lọ ló wá dípò rẹ̀, nítorí mo rí i pé mò ń retí rẹ̀. Mò ń retí rẹ̀ ní tòótọ́. Bí ọkọ̀ kan bá ti ń gòkè bọ̀, màá dìde wò ó. Ìyá arúgbó yẹn kọjá, ó ní ọkọ mi mà pẹ́ o. Ẹnìkan wá wúkọ́ lẹ́yìn ọkọ̀, ikọ́ àgbàlagbà ọkùnrin, mo sì ké. Àgùntàn ni. Ta ló mọ̀ pé àgùntàn máa ń wúkọ́ bí ènìyàn? Mo ṣáná sí ọkọ̀, mo sọ̀ kalẹ̀ kí oòrùn tó wọ̀ tán. Mọ́mì Ìkẹ́ jó nígbà tí wọ́n rí mi. Bọ̀dá Fúnṣọ́ kò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, ó sáà na ọwọ́ láti gba kọ́kọ́rọ́ ni. Mo kúnlẹ̀ bẹ̀ ẹ́ pé òjò dídì kò tíì bẹ̀rẹ̀, kí ó fún mi láyè díẹ̀ sí i. Ó yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó sì fi ọwọ́ rẹ̀ sápò.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń ro ohun tó lé mi sílé. Kì í ṣe àdádó náà ló lé mi. N kò tíì dá wà rárá lọ́jọ́ yẹn, nítorí mo ti fi irọ́ gbé ẹnìkan dání.

Nígbà tí oṣù Kẹsàn-án ń parí lọ, mo tún padà. N kò sọ fún ẹnikẹ́ni àfi Àánú. Ní géètì, Andrew fúnra rẹ̀ ló jáde wá, àgbà òyìnbó tó gbẹ bí igi, tó wọ bàtà ẹlẹ́rẹ̀. Ó béèrè pé èmi àti ta ni. Mo ní èmi nìkan. Mo ní ọkọ mi ti kú, òun ló fẹ́ wá síbí, èmi ni mo wá. Mo ti múra sílẹ̀ pé yóò fọwọ́ gbá mi mọ́ra, pé yóò ní Ọlọ́run ló mọ̀ jù. Ó wò mí, ó ní ó dun òun. Ó wá ní ẹ̀rọ omi wà lẹ́yìn abà, kí n ṣọ́ra, ilẹ̀ ibẹ̀ ń yọ̀. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. N kò mọ̀ bóyá kí n bínú ni tàbí kí n dúpẹ́.

Mo se iṣu díẹ̀, mo fi ata díndín jẹ ẹ́. Mo bo àwọn fèrèsé, mo ti ilẹ̀kùn, mo tún un tì, mo sì gbàdúrà. Mo dùbúlẹ̀ sí ìhà tèmi. Ọkùnrin yẹn wọ̀n mí bó ṣe yẹ, Wùmí. Ibi tí orúnkún mi dé gan-an ni pákó parí sí. Ẹ̀rù bà mí, n kò ní sọ pé kò bà mí. Afẹ́fẹ́ ń gbọn ọkọ̀, àgùntàn ń wúkọ́, ọwọ́ mi sì wà lórí kọ́kọ́rọ́. Mò ń sọ fún ara mi pé bí mo bá ka Sáàmù kan tán, màá lọ sílé. Ibi tí mo ti ń kà á ni oorun gbé mi lọ.

Mo jí nígbà tí ìmọ́lẹ̀ ti ń gba etí aṣọ fèrèsé wọlé. O rántí pé o máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé èmi nìkan ló kù láyé tó ń kúnlẹ̀ kí ọkọ rẹ̀ láàárọ̀. Ọwọ́ ìyá mi ni mo ti kọ́ ọ, ó sì ti mọ́ mi lára ju kí n máa ronú sí i lọ. Bí ojú mi ṣe là báyìí, mo dìde kúnlẹ̀ lórí fóòmù, mo kọjú sí ẹ̀gbẹ́, mo ní, 'Ẹ káàárọ̀ o, Bàbá Àánú. Ẹ kú ojúmọ́.' Igi mẹ́rin náà ni mo kí. Mo rí ilẹ̀ ọkọ̀ láàárín wọn. Ṣálúbàtà mi kan ti yí sí ibi tó yẹ kí ẹ̀yìn rẹ̀ wà.

Ibẹ̀ ni ẹkún náà ti bẹ̀rẹ̀. Mo dúró de ọwọ́ tí yóò nu ún, kò sí ọwọ́ kankan. Mo sunkún bí ọmọdé. Mo pariwo, mo lu pákó, mo pe orúkọ rẹ̀ gan-an, Olúkúnlé, èyí tí n kò fi ẹnu mi pè rí láti ọjọ́ ìgbéyàwó wa. Mo bi í pé ṣé bó ṣe yẹ kó ṣe nìyẹn, kó kan tèmi kó má kan tirẹ̀. Mo sunkún ti oṣù Kìíní, mo sunkún ti ọjọ́ ìsìnkú, mo sunkún gbogbo èyí tí mo ti gbé mì nítorí àwọn sísítà. Nígbà tó ṣe, ẹkún náà dúró. Kò sẹ́ni tó ní kí ó dúró. Wùmí, ó ti tó oṣù mẹ́jọ tí mo ti wà nínú ọ̀fọ̀, n kò sì mọ̀ pé ẹkún máa ń tán fúnra rẹ̀.

Mo ṣí ilẹ̀kùn ọkọ̀. Àwọn àgbà ní bí a bá ń sunkún, à máa ń ríran. Ìkùukùu ti ká, mo rí Bury nísàlẹ̀, mo sì rí Manchester lọ́ọ̀ọ́kán, gbogbo àwọn òpópó tó ti fi bọ́ọ̀sì gbé ọmọ ọlọ́mọ gbà láti ìgbà tí a ti dé ìlú yìí. Ó kéré bí ohun tí a lè fi àtẹ́lẹwọ́ bò. Ohun tó fẹ́ kí a jọ wá wò nìyẹn. Mo wò ó fún àwa méjèèjì.

Andrew kọjá pẹ̀lú korobá lọ́wọ́. Ojú mi ti wú, ó sì dájú pé gbogbo pápá náà ló gbọ́ igbe mi. Ó béèrè pé ṣé kò sí nǹkan. Mo ní ó wà. Ó mi orí, ó ní omi gbígbóná wà nínú ilé bí mo bá fẹ́ tíì, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Ìgbà yẹn ni mo wá dúpẹ́.

Nígbà tí mo délé, Mọ́mì Ìkẹ́ ti wà lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú báàgì ìsùn wọn, torí Àánú ti tú àṣírí mi. Mo kúnlẹ̀, mo kí wọn, mo fún wọn lóúnjẹ. Lẹ́yìn náà mo sọ fún wọn pé kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n máa lọ sùn nílé wọn láti ọjọ́ náà lọ. Ó dùn wọ́n. Wọ́n ní ènìyàn laṣọ, ṣé mo ti gbàgbé ni? Mo ní n kò gbàgbé, Mọ́mì. Ènìyàn laṣọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n a máa ń bọ́ aṣọ kí a tó wẹ̀. Wọ́n wò mí, wọ́n gbé báàgì wọn, nígbà tí wọ́n dé ẹnu géètì ni wọ́n tó fi etí ìborí nu ojú. Mo fẹ́ sáré lọ bá wọn, mo fẹ́ sọ pé ó tó. Mo dúró níbi tí mo wà.

Bọ̀dá Fúnṣọ́ náà mú ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣẹ. Kò dá ọ̀rọ̀ títà sílẹ̀ mọ́. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ó gbé pákó wá, ó ní òun fẹ́ bá mi parí ìhà kejì bẹ́ẹ̀dì náà, kí àyè lè gbà mí dáadáa. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ gan-an, mo ní kó fi í sílẹ̀ bó ṣe wà. Kò bi mí léèrè ìdí. Ó jókòó sí ẹnu ọ̀nà ọkọ̀ náà fún ìgbà díẹ̀, ó ń fi ọwọ́ pa igi tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fá.

Má rò pé gbogbo rẹ̀ ti tán. Mo ṣì máa ń tan iná pálọ̀ sílẹ̀. Àwọn ọjọ́ mìíràn wà tí ilé náà máa ń tóbi lójú mi, tí màá fẹ́ kí Sísítà Mobọ́lá wá hanrun fún mi. Ṣùgbọ́n mò ń sùn. Bí o bá tún gbọ́ pé mo gbé ọkọ̀ lọ sórí òkè, má bẹ̀rù, má sì gbààwẹ̀ nítorí mi.

Bá mi kí Bàbá àwọn ọmọ, kí o bá mi kúnlẹ̀ fún Màmá. Sọ fún Adémiládé pé àǹtí rẹ̀ ní kó fi búrẹ́dì sílẹ̀. Àánúolúwa ní kí n kí ọ, ó ní òun máa wá kọ́ bí wọ́n ṣe ń jẹ ọ̀fadà lọ́wọ́ rẹ.

Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ tọrọ lọ́wọ́ rẹ. Bí o bá tún pè mí, tí o sì gbọ́ pé ẹkún ti wà lóhùn mi, jọ̀wọ́, Wùmí, má sọ pé ó tó. Má sọ ohunkóhun. Dúró tì mí lórí fóònù, kí o jẹ́ kí n sun ún tán.

Èmi ni, tìrẹ láti orí bẹ́ẹ̀dì ìsàlẹ̀,

Mosúnmọ́lá.